Ẹni Tí Ó Lọ Sẹ́yìn Kò Di Ẹni Ẹ̀yìn

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní ìlú Rabat ní ilẹ̀ Mòrókò, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà pàdé ti Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kinshasa, kí a lè mọ ẹni tí ìrètí rẹ̀ kò ní pin lójú ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọdún 2026. Eré náà kò tí ì gbóná tí Frank Onyeka fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa ní ìṣẹ́jú kẹta. Láti ìgbà náà títí tí 120 ìṣẹ́jú fi pé, a kò tún rí òmíràn gbá wọlé. Kóńgò dá tiwọn padà, wọ́n sì fi pẹnáritì lé wa lọ sílé ní 4 sí 3. Victor Osimhen, ẹni tí gbogbo ojú ń wò, kò jáde wá fún ìdajì kejì nítorí ìpalára. Ọjọ́ 3 lẹ́yìn èyí, ní ìlú Rabat kan náà, a pe àwọn ènìyàn jọ láti fi oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù ní Áfíríkà dá ẹnì kan lọ́lá. Osimhen wà nínú àwọn 3 tí ó kù kẹ́yìn, Mohamed Salah ará Íjíbítì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ṣùgbọ́n Achraf Hakimi ọmọ Mòrókò ni ó gba oyè náà, ẹni tí a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn.

Láti ọdún 1973, nígbà tí Bwanga Tshimen ará Zaire gba irú oyè bẹ́ẹ̀, kò tún sí ẹni ẹ̀yìn kankan tí ó fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀yìn wo ni Hakimi ń ṣọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 kan náà, nígbà tí Paris Saint-Germain na Inter Milan ní 5 sí 0 ní ìlú Munich láti gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù, òun ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, ní ẹnu ilé àwọn ọ̀tá gan-an. Bí ẹ bá wá a lọ sí ẹ̀yìn, ẹ ó bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá wá a lọ sí iwájú, ẹ ó bá a níbẹ̀ pẹ̀lú.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojútáyé nítorí pé kò sí ìgbà kan tí a ka orúkọ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà tí ariwo kì í sọ. Ní ilé ẹ̀kọ́, ní ìdí ọkọ̀, ní ibi tí a ti ń ta ìwé ìròyìn, gbogbo ènìyàn ni ó di kóòṣì. Lára àwọn ẹ̀sùn tí a máa ń kà sí olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lẹ́sẹ̀, èyí tí a ń gbọ́ lemọ́lemọ́ ni pé ó mú ẹni tí Ọlọ́run dá mọ́ iwájú, ó lọ fi í ṣọ́ ẹ̀yìn. Ojú tí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ fi ń wò ó ni pé a ti rọ ọlọ́lá kan lóyè, a sì ti gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́.

Àwa kò bá wọn pín nínú ìbínú yìí, nítorí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Sísún ènìyàn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀tẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe idán. Iṣẹ́ tí ó ní ìlànà ni. Kì í ṣe ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ni ó ń mú kí ó nira ní ọ̀dọ̀ wa, bí kò ṣe ojú tí a kọ́ wọn láti kékeré láti máa fi wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin olùkọ́ ni a ó bá sọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rí kalẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó súnmọ́ wa jù ni ti Victor Moses. Etí pápá ní iwájú, ibi tí a ń pè ní wíńgì, ni a mọ̀ ọ́n sí. Òun ni ó gbá pẹnáritì 2 sínú àwọ̀n Etiópíà nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti ọdún 2013, èyí tí Nàìjíríà gbà lábẹ́ olóògbé Stephen Keshi. Ẹgbẹ́ Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù ti rà á ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n wọn kò rí ibi fi í sí. Liverpool yá a lò fún sáà kan, Stoke City yá a, West Ham náà yá a, bí ẹni ń yá àdá kiri àdúgbò.

Ní ọdún 2016 Antonio Conte, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gba àkóso Chelsea. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún náà Arsenal na wọ́n ní 3 sí 0, gbogbo góòlù 3 náà sì ti wọlé kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n lọ bá Hull City, Conte to àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́nà mìíràn: ó fi 3 ṣọ́ ẹ̀yìn, ó fi 4 sí àárín, ó fi 3 sí iwájú. Victor Moses ni ó fi sí etí pápá lápá ọ̀tún, pé kí ó máa lọ kí ó sì máa bọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì. Láti ọjọ́ náà Chelsea borí nínú eré líìgì 13 láìsinmi. Nígbà tí sáà náà fi parí ní ọdún 2017, àmì 93 ni wọ́n ní, eré 30 ni wọ́n ti jẹ nínú 38, ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì di tiwọn.

Kí ni ó mú un ṣeé ṣe? Àwọn tí kò wo eré náà jinlẹ̀ wí pé ẹ̀dọ̀fóró Moses ni, nítorí pé ó lè sáré. Eré sísá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. César Azpilicueta ará Spéènì ni, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn, tí ó sì ti ṣọ́ òsì ẹ̀yìn kí Conte tó mú un wá sí àárín àwọn 3 tí ó kángun sí aṣọ́lé. Bí Moses bá ti gbé bọ́ọ̀lù lọ sí iwájú, Azpilicueta a yẹ̀ sí ìhà ọ̀tún, N'Golo Kanté a sì wá dí àlàfo tí ó bá ṣẹ́kù ní àárín. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, Moses a sáré padà, àwọn 3 tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn a sì di 5. Kò sí ẹni tí ń bi ẹnì kejì léèrè pé, “Ta ni yóò dúró síbí?” Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti orí pápá ìdánrawò. Azpilicueta kò fi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú gbogbo eré líìgì sáà náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọrin nípa rẹ̀ ní ìgboro Èkó. Moses ni a ń pariwo. Àwa rò pé ó yẹ kí a pariwo àwọn méjèèjì.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: àṣà iwájú kò tán lára Moses. Nínú eré àṣekágbá fún ife FA ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2017, ó ṣubú ní ẹnu ilé Arsenal láìsí ẹni tí ó gbé e ṣubú, rẹfirí fún un ní káàdì yẹ́lò ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó sì bọ́ sí ìta. Chelsea pàdánù ní 2 sí 1.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwa náà jẹ nínú oúnjẹ tí Conte sè. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọdún 2018 ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Gernot Rohr kọ́kọ́ to àwọn ọmọ wa bí ará ìlú ti fẹ́ ẹ: Moses sí wíńgì ní iwájú, Mikel Obi sí ẹ̀yìn ẹni tí ó ṣáájú. Croatia nà wá ní 2 sí 0. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, nígbà tí ó kan Iceland, Rohr fi 3 ṣọ́ ẹ̀yìn, ó sún Mikel padà sí àárín, ó sì fi Moses sí ipò tí ó wà ní Chelsea. Ẹni tí àwọn kan ń sọ pé a ti gbé kúrò ní iwájú ni ó gbá bọ́ọ̀lù láti ìhà ọ̀tún wá bá Ahmed Musa. Musa gbé e kalẹ̀, ó sì fi agbára gbá a sínú àwọ̀n. Musa tún gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé, eré sì parí sí 2 sí 0.

Ìyókù a ṣì máa dun ni láti sọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Moses fi pẹnáritì mú wa bá Argentina dọ́gba ní 1 sí 1. Bí eré bá parí báyìí, àwa ni yóò tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 4, Gabriel Mercado gbé bọ́ọ̀lù wá láti ìhà ọ̀tún, Marcos Rojo sì gbá a wọlé kí ó tó kan ilẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ Messi. Ṣùgbọ́n ta ni Mercado? Ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn fún Argentina ni. Ta ni Rojo? Ẹni tí ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn wọn ni. Ọwọ́ ẹ̀yìn 2 ni ó pàdé ní ẹnu ilé wa tí ó sì dá wa padà sílé, àwa tí a ń jà ní ilé pé a kò gbọdọ̀ sún ọmọ iwájú kúrò ní àyè rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlá ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo Samuel Eto'o ará Kamẹrúùnù. Ní ọdún 2010, ó ti gba oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí ọmọdé kan ní ìlú wa tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ Inter Milan wà ní ilé Barcelona, wọ́n sì ń ṣọ́ èrè 3 sí 1 tí wọ́n ti jẹ ní eré àkọ́kọ́. Kí ìdajì wákàtí tó pé, rẹfirí lé Thiago Motta jáde. José Mourinho, kóòṣì wọn, ní kí Eto'o lọ ṣọ́ òsì ẹ̀yìn. Ẹni tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ènìyàn bí ẹni pé iṣẹ́ tí a bí i bí nìyẹn. Barcelona jẹ eré náà ní 1 sí 0, ṣùgbọ́n Inter ni ó tẹ̀ síwájú, wọ́n sì gba ife náà ní Madrid ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ọdún 2010 yóò fi parí, Áfíríkà tún fi oyè náà dá Eto'o lọ́lá ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Níbo ni ẹ̀tẹ́ tí a ń wí wà?

Ìlànà yìí kì í ṣe ohun àná. Àwọn ará Họ́láǹdì tí Rinus Michels kọ́ ti fi han ayé ní ọdún 1974. Nínú eré àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún náà ní Munich, Johan Cruyff, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn iwájú wọn, ni ó padà wá sí àárín pápá lẹ́yìn àwọn yòókù láti gba bọ́ọ̀lù. Ó gbé e sáré títí Uli Hoeneß fi gbé e ṣubú ní ẹnu ilé, pẹnáritì sì wọlé kí ọmọ Jámánì kankan tó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Jámánì jàjà borí ní 2 sí 1, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àwọn ará Họ́láǹdì ni gbogbo ayé gbà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èyí wé àwọn olóṣèlú wa tí ń fo láti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn lẹ́yìn tí ará ìlú ti dìbò fún wọn. Ẹni tí ó kúrò ní iwájú lọ sí ẹ̀yìn lórí pápá kò bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé kan náà ni ó ń ṣọ́, ọ̀tá kan náà ni ó sì dojú kọ. Àwọn bàbá wa mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú ogun. Balógun Ìbàdàn ní Ọ̀tún, ó sì ní Òsì, a kò sì gbọ́ rí pé a fi ènìyàn jẹ Òsì Balógun kí àwọn ará ilé rẹ̀ wá máa bá a kẹ́dùn.

Àwọn obìnrin wa ti lóye ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú àwa ọkùnrin. Michelle Alozie, nígbà tí ó wà ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, iwájú ni ó ń gbá, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Super Falcons a fi í ṣọ́ ẹ̀yìn, ó sì gbà. Ní oṣù keje ọdún 2025, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Mòrókò, àwa àti South Africa wà ní 1 sí 1 nínú eré tí ó ṣáájú àṣekágbá, 90 ìṣẹ́jú sì ti pé kọjá. Láti ọ̀nà jíjìn ni Alozie ti gbá bọ́ọ̀lù wá sí ẹnu ilé wọn, kò kan ẹnikẹ́ni, ó sì wọlé tààrà. Ọjọ́ 4 lẹ́yìn náà ni wọ́n na Mòrókò ní 3 sí 2 ní Rabat, lẹ́yìn tí Mòrókò ti kọ́kọ́ gbá 2 wọlé wọn. Rabat yìí náà ni, níbi tí àwọn ọkùnrin wa ti sunkún lẹ́yìn oṣù 4.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bojú wo ilé. Bí a bá wo àwọn tí ó ti ṣọ́ ẹ̀yìn fún Nàìjíríà láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, William Troost-Ekong, Họ́láǹdì ni a bí i sí. Leon Balogun, Berlin. Ola Aina àti Semi Ajayi, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Calvin Bassey, Ítálì ni a bí i sí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ wá wo iwájú: Osimhen, Musa, Samuel Chukwueze, Moses Simon, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti kọ́ bọ́ọ̀lù. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Kenneth Omeruo ṣọ́ ẹ̀yìn, ilé ni ó sì ti dàgbà. Ademola Lookman ń gbá iwájú, Lọ́ńdọ̀nù ni a sì bí i sí. Taye Taiwo, ọmọ Èkó, ṣọ́ òsì ẹ̀yìn títí a fi kà á sí ẹnìkẹta nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2005. Wilfred Ndidi, ẹ̀yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó sún un sí àárín ní Genk ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Síbẹ̀ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ sí hàn kedere. Ilẹ̀ wa ń bí iwájú bí ẹni pé òjò ni ó ń rọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ẹ̀yìn, a máa ń lọ wá ọmọ wa ní òkè òkun.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní etí pápá ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò ìsinmi mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tí ó lágbára jù a dúró, wọn a máa yan àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a kọ́kọ́ yàn, iwájú. Ẹni tí ó ni bọ́ọ̀lù, iwájú, kódà bí kò bá mọ ọ́n gbá rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí a yàn kẹ́yìn, ẹni tí ó sanra, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, ẹ̀yìn. Nígbà tí ọmọ náà bá fi pé ọdún 12, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé rẹ̀: ẹ̀yìn ni a ń fi àwọn tí kò wúlò sí. Nígbà tí ó bá di ẹni 20 ọdún tí kóòṣì sì ní kí ó lọ ṣọ́ ẹ̀yìn, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni pé, “Ìwọ kò wúlò mọ́.” Ta ni yóò fi inú dídùn gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ilé yìí wà ní ọwọ́ yín. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 13 kò tí ì ní ipò kan lórí pápá, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní ọ̀kan. Bí ó bá gbá iwájú ní ọjọ́ Ajé, kí ó ṣọ́ ẹ̀yìn ní Ọjọ́rú. Bí ó bá lọ sí ẹ̀yìn, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó kàn máa gbá bọ́ọ̀lù dànù. Ẹ sọ ẹni tí yóò dí àyè rẹ̀ fún un bí ó bá gbé e lọ sí iwájú, kí ẹ sì sọ fún ẹni náà pẹ̀lú. Gbogbo ohun tí Conte sọ fún Azpilicueta kò ju èyí lọ, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

A ti gbọ́ àtakò àwọn tí yóò wí pé Ọlọ́run kò dá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn bákan náà. Òótọ́ ni. Rashidi Yekini, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, tí ó sì gbá góòlù 37 wọlé fún wa lápapọ̀, kóòṣì tí ó bá mú un lọ sí ẹ̀yìn, àwa náà ì bá ti kọ ìwé lòdì sí i. Irú Yekini kò pọ̀. Fún Yekini kan, ọgọ́rùn-ún ọmọ wà tí ó yá lẹ́sẹ̀, tí ó lóye, tí ó ń jìjàdù àyè kan ṣoṣo ní iwájú pẹ̀lú àwọn 99 yòókù, nígbà tí ọ̀tún ẹ̀yìn àti òsì ẹ̀yìn ṣófo.

Ohun kan ni a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kí ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. A máa ń fún ọmọ tí ó gbá góòlù wọlé jù ní ẹ̀bùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn kan tún wà, tí kò kéré sí ti àkọ́kọ́, fún ọmọ tí ó ṣọ́ ẹ̀yìn tí ó sì tún gbá iwájú nínú ìdíje náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára ní ibi méjèèjì. Kí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe yan ọmọ náà, kí a sì ka orúkọ rẹ̀ níwájú àwọn òbí ní ọjọ́ tí a bá ń pín ife.